Àga Ò Pa Marriner Eccles Lẹ́nu Mọ́

Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump dé akoto àwọn kọ́lékọ́lé sórí, ó wọ inú ilé kan tí wọ́n ń tún ṣe ní Constitution Avenue, ìlú Washington. Jerome Powell, ẹni tó jẹ́ alága Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà náà, dé akoto tirẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà ń ká wọn. Ààrẹ ní iye tí iṣẹ́ náà máa gbà ti di bílíọ̀nù 3.1 dọ́là, ó sì fa bébà kan yọ nínú àpò kóòtù rẹ̀ láti fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Powell wo bébà náà, ó mirí, ó ní ilé mìíràn tí wọ́n ti parí láti nǹkan bí ọdún márùn-ún ni wọ́n kà mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ń fi ọkàn bá ọ̀rọ̀ náà lọ mọ̀ pé sìmẹ́ǹtì kọ́ ni ìjà. Èlé ni. Ó ti pẹ́ tí Ààrẹ ti ń fẹ́ kí Federal Reserve já èlé wálẹ̀ kíákíá, Powell àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ sì ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí ibi tí ọ̀wọ́n ọjà máa forí lé. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, Ààrẹ kéde pé òun ti yọ Lisa Cook, ọ̀kan nínú àwọn gómìnà méje tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, lórí ẹ̀sùn pé ó kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ sínú ìwé tó fi yá owó ilé. Cook ní òun kò ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, ó sì gba kóòtù lọ. Láti 1913 tí wọ́n ti dá Federal Reserve sílẹ̀, kò sí ààrẹ kan tó dán irú rẹ̀ wò rí.

A kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápẹpẹ. A fi àwọn tó ń ka iye owó mábù àti gíláàsì sílẹ̀ lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ni orúkọ tó wà lára ilé náà. Marriner S. Eccles ni wọ́n ń pe ilé ọ̀hún láti 1982. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń pariwo lórí rẹ̀, tọ̀tún tòsì, kò mẹ́nu kan ẹni tí Eccles jẹ́ rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbésí ayé ọkùnrin náà gan-an ni ẹjọ́ tí wọ́n ń rò. Kò sí ẹlòmíràn nínú ìtàn báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó sọ fún ìjọba pé kí ó yá owó, kí ó ná an, tí ó tún wá padà sọ fún ìjọba kan náà pé ó tó gẹ́ẹ́, tí àga rẹ̀ sì bọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kejì yìí.

Ilé náà kò sì jìnnà sí wa bí a ti lè rò. Emmett Rice, aláwọ̀ dúdú kejì tó jẹ́ gómìnà nínú Federal Reserve, láti 1979 títí di 1986, ti kọ́kọ́ wá sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn fún Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà tí báńkì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Lisa Cook tí wọ́n fẹ́ yọ yìí náà ti gba ìjọba Nàìjíríà nímọ̀ràn lórí àtúnṣe àwọn báńkì ní 2005. Àwọn tó ti bá wa ṣiṣẹ́ rí ló ń jókòó nínú yàrá ìpàdé ọ̀hún, ohun tí wọ́n bá sì fẹnu kò sí níbẹ̀ lórí èlé ń dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ń fi dọ́là ra ọjà tàbí tó jẹ gbèsè dọ́là níbikíbi láyé.

A bí Eccles ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1890 ní Logan, láàárín àwọn òkè ilẹ̀ Utah, nígbà tí Utah kò tíì di ìpínlẹ̀. Paisley ní ilẹ̀ Scotland ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀, David, sínú ìṣẹ́ paraku. Bàbá David kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran mọ́. Ó ń gbẹ́ ohun èlò ìdáná láti ara igi, ọmọ rẹ̀ a sì máa kiri wọn tà. Owó tí ìjọ Mọ́mọ́nì yá wọn ni wọ́n fi wọkọ̀ dé Utah ní 1863. David kò ka ìwé tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó mọ igi, ó sì mọ owó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí igi gígé, ó bọ́ sórí ilé iṣẹ́ ìlapákó, ó dé orí ilé iṣẹ́ ṣúgà, ọ̀nà ojú irin àti báńkì, títí tó fi di ọ̀kan nínú àwọn olówó tó ga jù ní Utah. Ó fẹ́ ìyàwó méjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn Mọ́mọ́nì ìgbà náà. Bertha, ìyáálé, ń gbé ní Ogden pẹ̀lú ọmọ méjìlá. Ellen, ìyàwó kejì, ń gbé ní Logan pẹ̀lú ọmọ mẹ́sàn-án. Marriner ni àkọ́bí Ellen.

Kò sí ọmọ ọlọ́rọ̀ tí kì í ṣiṣẹ́ nínú ilé náà. Láti kékeré ni Marriner ti ń lo ìsinmi ilé ìwé rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ igi bàbá rẹ̀, níbi tí ó ti ń gba sẹ́ǹtì díẹ̀ ní wákàtí kan. Nígbà tó tu ọgọ́rùn-ún dọ́là jọ, bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ó fi í ra ìpín kan fún un nínú ilé iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ̀kọ́ bàbá yìí kò lọ́jú pọ̀: ṣiṣẹ́, tọ́jú owó, má jẹ gbèsè. Ọ̀tá òmìnira ni David Eccles ka gbèsè sí. Kí a rántí èyí, nítorí ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ yìí tọ́ ló padà wá dúró níwájú àwọn aṣòfin, tó sì sọ fún wọn pé kí ìjọba lọ jẹ gbèsè.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1912, David kú lójijì, kò sì kọ ìwé ìhágún. Marriner jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, kò tíì pẹ́ tó dé láti Scotland níbi tí ìjọ ti rán an lọ wàásù. Ẹni tó dàgbà sílé olórogún kò nílò àlàyé ohun tó tẹ̀lé e. Ogún yà sí ọ̀nà méjì, Marriner sì di ẹni tí ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò mẹ́jọ gbójú lé pé kó má jẹ́ kí ìpín tiwọn ṣòfò. Kò lọ sí yunifásítì rí. Brigham Young College ní Logan, tó parí ní 1909, ni òpin ìwé rẹ̀. Ohun yòówù tó mọ̀ nípa ètò ọrọ̀ ajé, ìwé ìṣirò owó ilé iṣẹ́ àti ojú àwọn tó wá yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ń ra báńkì kún báńkì ní Utah àti Idaho, títí tí òun àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ fi kó wọn pọ̀ sábẹ́ First Security Corporation ní 1928, ọ̀kan nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1931 ó tún di ààrẹ Utah Construction, ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ mẹ́fà tó para pọ̀ gba iṣẹ́ ìdídò Hoover Dam. Kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì nígbà tí ìwọ́wó ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 kan ilẹ̀kùn Ogden.

Báńkì kan ní ìlú náà, Ogden State Bank, kò lè ṣílẹ̀kùn mọ́. Eccles gbọ́ ṣáájú kí ìròyìn tó tàn, ó sì mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀dọ̀ òun ni gbogbo ìlú máa dà wá. Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ ní àárọ̀ kùtù. Ó ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, kí wọ́n bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ìpayà hàn lójú. Kí gbogbo ojú fèrèsé ìsanwó ṣí, kí kaṣíà kankan má jáde lọ jẹun ọ̀sán. Ẹni tó bá béèrè owó rẹ̀, kí wọ́n san án fún un, ṣùgbọ́n kí wọ́n fara balẹ̀ san án. Oníbàárà tí wọ́n ti mọ̀ láti ogún ọdún wá, kí wọ́n lọ fa káàdì rẹ̀ jáde kí wọ́n yẹ ìfọwọ́sí rẹ̀ wò. Kí wọ́n fi owó wẹ́wẹ́ sanwó, dọ́là márùn-ún márùn-ún, mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n sì kà á dáadáa.

Èrò kún báńkì dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó di ọ̀sán, ọkọ̀ onírin gbé owó dé láti ẹ̀ka Federal Reserve ní Salt Lake City, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń ti àárín èrò kó àpò owó wọlé kí gbogbo ojú lè rí i. Eccles gun orí káńtà mábù. Ó ké sí wọn pé kí wọ́n fetí sílẹ̀, ó ní ó jọ pé àwọn kan ń fòyà pé owó wọn kò ní tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, pé báńkì kò ní tì ní agogo mẹ́ta bí ìṣe rẹ̀, yóò wà ní ṣíṣí títí ẹni tó fẹ́ gbowó kẹ́yìn yóò fi gbà á. Ó pe òṣìṣẹ́ àgbà Federal Reserve tó bá ọkọ̀ owó wá, ìyẹn náà sì jẹ́rìí pé owó tí àwọn kó wá pọ̀, pé òmíràn sì wà níbi tó ti wá. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kò fi kún un ni pé owó Federal Reserve kò sọ ara rẹ̀ di owó Eccles. Ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan dúró kó tó lè yá a. Ara èrò rọlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Eccles ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ṣáájú àkókò, kí wọ́n sì máa sanwó wàrà-wàrà kí ìlà má baà gùn. Báńkì rẹ̀ kò wó.

Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án báńkì ló wó ní Amẹ́ríkà láàárín 1930 sí 1933. Ẹni tó bá yọ nínú irú ìjì bẹ́ẹ̀ lè sọ pé ọgbọ́n òun ló yọ òun, kó sì máa fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe fáàrí. Èyí ni a fi ń yin Eccles jù ohunkóhun lọ: kò gbà kí àṣeyọrí náà tan òun. Ó bi ara rẹ̀ pé ọ̀nà wo ni òun gbà tí báńkì òun kò fi wó. Ìdáhùn rẹ̀ kò dùn mọ́ ọn. Òun ti fi ipá gba gbèsè lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò, wọ́n sì ní láti ta màlúù, ilẹ̀ àti ọjà wọn lọ́pọ̀ kí wọ́n lè san án. Bí gbogbo wọn ti ń tà lẹ́ẹ̀kan náà, iye owó ọjà ń já, ohun tí àwọn tó kù fi dúró fún gbèsè tiwọn náà ń di yẹpẹrẹ, báńkì mìíràn sì ń tipa bẹ́ẹ̀ wó. Ohun tó jẹ́ ọgbọ́n fún báńkì kan ṣoṣo ń pa gbogbo báńkì.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ bàbá rẹ̀ ti já. Bí ìdílé bá fún ìgbànú mọ́, tí ilé iṣẹ́ fún un mọ́, tí báńkì fún un mọ́, tí ìjọba náà wá fún tirẹ̀ mọ́, ta ni yóò ra ọjà lọ́wọ́ ta ni? Ó fi í wé ìdí tẹ́tẹ́ káàdì: nígbà tí owó gbogbo àwọn tó ń ta bá ti bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀, àwọn yòókù á máa yáwó kí wọ́n lè máa ta nìṣó, ọjọ́ tí kò bá sì sí ẹni tó máa yá wọn mọ́ ni eré tú, títí kan eré àwọn tó ti jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ń jáde lẹ́nu olówó, ọmọ olówó, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican, tó ní báńkì ju ogún lọ. Kò sọ ọ́ nítorí àánú mẹ̀kúnnù nìkan. Ó sọ ọ́ nítorí ó ti rí i pé ọrọ̀ tí kò bá tàn ká kò ní pẹ́ kó tó pa ẹni tó kó o jọ.

Ní oṣù Kejì ọdún 1933, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Roosevelt gba ìjọba gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, ìgbìmọ̀ ìṣúná ilé aṣòfin àgbà ń pe àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú wá kí wọ́n sọ ojú ọ̀nà àbáyọ. Bernard Baruch, gbajúgbajà olówó New York, ní kí ìjọba dín ìnáwó kù kí ìṣirò rẹ̀ lè dọ́gba. Ọ̀pọ̀ wọn ló gba ojú ọ̀nà kan náà. Eccles dé láti Utah, ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ rí. Ó ní kí ìjọba yáwó kó fi ran àwọn tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́wọ́, kó gbé iṣẹ́ òde kalẹ̀, kó ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, kó tún gbèsè orí ilé àti oko tò, kó sì yanjú gbèsè ogun tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jẹ. Ó fi kún un pé kí ìjọba ṣe onígbọ̀wọ́ owó tí aráàlú fi sí báńkì, kí owó ìfẹ̀yìntì wà fún àgbàlagbà, kí owó oṣù tó kéré jù ní òdiwọ̀n, kí wọ́n sì bu owó orí tó nípọn lé àwọn olówó. Ọdún mẹ́ta gbáko ṣì kù kí Keynes, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, tó gbé ìwé rẹ̀ tó lókìkí jù jáde. Bí a bá ka ohun tí Eccles sọ lọ́jọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ìjọba Roosevelt padà ṣe láàárín ọdún márùn-ún, èyí tó ṣẹ pọ̀ ju èyí tí kò ṣẹ lọ.

Wọ́n pè é sí Ilé Ìṣúra ní ìbẹ̀rẹ̀ 1934 láti ran Henry Morgenthau, olórí ibẹ̀, lọ́wọ́, ó sì kópa nínú òfin tó gbé ètò ẹ̀yáwó ilé kalẹ̀ lọ́dún náà. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, Roosevelt ní kí ó wá jẹ olórí Federal Reserve. Ẹlòmíràn ì bá ti dọ̀bálẹ̀ gbà á. Eccles mú ìwé ojú ewé mẹ́ta dání lọ bá Ààrẹ, ó ní bí òfin báńkì náà bá wà bó ṣe wà, òun kò fẹ́ iṣẹ́ náà, nítorí ọwọ́ àwọn olórí báńkì New York ni agbára wà, kì í ṣe ọwọ́ ìgbìmọ̀ tó wà ní Washington. Roosevelt gbà fún un.

Ìjà òfin náà le. Sẹ́nétọ̀ Carter Glass ti Virginia, tó ka Federal Reserve sí ọmọ bíbí inú òun, fa ìfọwọ́sí Eccles sẹ́yìn títí di oṣù Kẹrin 1935, ó sì gé ìwé òfin náà níbi tó lè gé e dé. Síbẹ̀ Roosevelt fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1935. Òfin yìí ló ṣì ń darí báńkì náà dòní: gómìnà méje, sáà ọdún mẹ́rìnlá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo tó ń pinnu lórí ríra àti títa ìwé gbèsè ìjọba. Òun náà ló yọ àga olórí Ilé Ìṣúra kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, olórí Ilé Ìṣúra ló ń jókòó bí alága níbi ìpàdé wọn, inú ilé rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń ṣe é. Ní 1937 ni wọ́n kó lọ sí ilé tuntun tí Paul Cret ya àwòrán rẹ̀ ní Constitution Avenue. Ẹni tó bá ń bi wá ìdí tí báńkì àpapọ̀ fi nílò ilé tó dá dúró, kó rántí pé yàrá inú ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti kúrò.

Eccles ṣe àṣìṣe ńlá kan, kò sì yẹ ká fò ó. Láàárín oṣù Kẹjọ 1936 àti oṣù Karùn-ún 1937, Federal Reserve sọ iye owó tí báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tì mọ́lẹ̀ láìyá ẹnikẹ́ni di ìlọ́po méjì, ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rù ọ̀wọ́n ọjà tí kò tíì dé ló ń bà wọ́n. Ìjọba náà ń dín ìnáwó kù lákòókò kan náà. Kí ọdún tó parí, ìlú ti tún ṣubú, iṣẹ́ sì tún bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìwọ̀n tí ẹ̀bi náà kan báńkì, Eccles fúnra rẹ̀ sì gbèjà ìgbésẹ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́. Lójú tiwa, ẹ̀bi náà kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí Morgenthau ń rọ Roosevelt pé kí ó ṣáà dọ́gba ìṣirò, Eccles wà lára àwọn tó tètè rọ̀ ọ́ pé kí ó padà sẹ́nu ìnáwó, Roosevelt sì padà ní 1938.

Ogun dé, àdéhùn kan sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Láti 1942, Federal Reserve gbà láti máa ra ìwé gbèsè ìjọba kí èlé orí rẹ̀ má baà ga: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ owó kan nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kúrú, owó méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tó pẹ́. Èlé tó kéré ló mú kí ìjọba rí owó ogun ná. Kò sí ọlọ́gbọ́n tó máa bá wọn wí fún ìyẹn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé nígbà tí ogun parí, Ilé Ìṣúra kò fẹ́ kí àdéhùn náà parí. Gbogbo ìwé gbèsè tí ẹnikẹ́ni bá kó wá ni báńkì àpapọ̀ gbọ́dọ̀ rà, owó tuntun ló sì fi ń rà á. Owó ń pọ̀ sí i, ọjà ń wọ́n sí i, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò yí padà ló ń jìyà rẹ̀. Eccles tó ní kí ìjọba jẹ gbèsè ní 1933 wá ń sọ fún un pé kí ó gba owó orí, kí ó dẹ́kun yíyá, kí ó sì jẹ́ kí èlé gòkè. Ó ní báńkì tí òun ń darí ti di ẹ̀rọ tó ń bí ọ̀wọ́n ọjà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1948, nígbà tí sáà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alága parí, Ààrẹ Truman kò tún un yàn. Kò ṣàlàyé fún un. Àwọn kan gbà pé ọwọ́ ìdílé Giannini tó ń darí Transamerica, ilé iṣẹ́ tí Eccles ní kí wọ́n dí lọ́nà àtigbé gbogbo báńkì apá ìwọ̀-oòrùn mì, wà nínú rẹ̀. Ohun yòówù tó fà á, àbùkù ni, gbogbo Washington sì rò pé ọkùnrin náà máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ padà sí Utah. Ṣùgbọ́n sáà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gómìnà ṣì kù ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kúrò lórí àga alága, ó lọ jókòó láàárín àwọn yòókù, ó sì ń sọ ohun tó ń sọ tẹ́lẹ̀.

Ogun Kòríà bẹ́ sílẹ̀ ní 1950, ọjà sì tún gbówó lérí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1951, Truman pe gbogbo ìgbìmọ̀ náà sí White House, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tí kò sì tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ ogun, ó ní òun fẹ́ kí ìgbẹ́kẹ̀lé ìlú nínú ìwé gbèsè ìjọba má yẹ̀. Wọ́n dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn kò sì ṣe ìlérí kankan lórí èlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, White House gbé ìròyìn jáde pé wọ́n ti ṣèlérí. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà Ààrẹ sí McCabe, alága tó rọ́pò Eccles, tún jáde, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìdánilójú tí wọn kò fún un.

Kí ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣe nígbà tí ààrẹ orílẹ̀-èdè bá sọ níta gbangba pé ó ti gba ohun tí kò gbà? Ọ̀pọ̀ yóò dákẹ́. Wọn yóò ní ọ̀rọ̀ àgbà ni, ìgbà ogun sì ni. Eccles lọ mú àkọsílẹ̀ tí ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣe nípa ìpàdé ọ̀hún. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 3 oṣù Kejì, ó fi lé àwọn oníròyìn lọ́wọ́. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìwé ìròyìn ńláńlá ti gbé ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá Ààrẹ jáde. Ẹni tó ránni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún. Òfin ọdún 1935 tí òun fúnra rẹ̀ jà fún ló rán Eccles níṣẹ́.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1951, Ilé Ìṣúra àti Federal Reserve kéde àdéhùn tuntun. Báńkì àpapọ̀ gba òmìnira láti pinnu èlé bí ètò ọrọ̀ ajé bá ṣe rí, kì í ṣe bí gbèsè ìjọba bá ṣe fẹ́. McCabe kúrò. William McChesney Martin, ẹni tó ti inú Ilé Ìṣúra wá, ni Truman fi rọ́pò rẹ̀, bóyá pẹ̀lú ìrètí pé yóò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu. Òun náà padà di ẹni tí kò ṣeé tì. Eccles fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje. Ó du ipò sẹ́nétọ̀ ní Utah ní 1952, wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé. Ó padà sídìí òwò rẹ̀, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ogun Vietnam nígbà tí ọ̀pọ̀ olówó ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbè é lẹ́sẹ̀, ó sì kú ní Salt Lake City ní oṣù Kejìlá ọdún 1977, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.

Àwọn tó fẹ́ kí ìjọba máa ná owó a máa rántí Eccles ti 1933. Àwọn tó fẹ́ kí báńkì àpapọ̀ máa mú owó le a máa rántí Eccles ti 1951. Ìdajì ènìyàn ni olúkúlùkù wọn mú. Ọkùnrin kan náà ló sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì, ìdí kan náà ló sì fi sọ wọ́n. Nígbà tí owó kò yí mọ́, tí ọ̀kan nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin kò níṣẹ́, ó ní kí ìjọba tú owó sílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀, tí owó ń lé ọjà kiri, ó ní kí wọ́n fà á sẹ́yìn. Kò wo ẹni tó fi òun sórí àga kó tó mọ èyí tí ìlú nílò.

Ìdí nìyí tí a fi ń bínú sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. A kò sọ pé kí Federal Reserve di òrìṣà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi léèrè. Kódà bí a bá yọ ilé tí Powell ní wọ́n kà mọ́ ọn kúrò, bílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là lórí àtúnṣe ilé pọ̀ púpọ̀, àwọn aṣòfin sì ní ẹ̀tọ́ láti tú ìwé rẹ̀ wò lójú ewé lójú ewé. Ó ṣeé ṣe kí Powell tún ṣe àṣìṣe lórí èlé. Ìgbìmọ̀ rẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé ọ̀wọ́n ọjà 2021 kì í ṣe ti ọjọ́ díẹ̀. Ẹ tako wọn. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ pè wọ́n wá síwájú àwọn aṣòfin kí wọ́n wá ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń yáwó tún jẹ́ ẹni tí yóò máa pinnu èlé tí òun máa san, tí yóò sì máa fi iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá ní rárá, ìwà ìrẹ́jẹ ni. Aráàlú tó fi owó díẹ̀ pamọ́ fún ọjọ́ ogbó ló máa san ìyókù.

Òfin ti fi òpin sí sáà Powell gẹ́gẹ́ bí alága ní oṣù Karùn-ún ọdún 2026, àyè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gómìnà sì dé oṣù Kìíní ọdún 2028. Ọ̀nà tí Eccles tọ̀ ní 1948 ṣí sílẹ̀ fún un, a kò sì rí ìdí tí kò fi yẹ kó tọ̀ ọ́. Ní ti Cook, àwọn adájọ́ ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ̀sùn tí kóòtù kankan kò tíì gbọ́ tó láti lé gómìnà lọ, ọdún mẹ́rìnlá tí òfin kọ sílẹ̀ kò ní ju iye ọjọ́ tó bá wu ààrẹ. Ní ti àwọn sẹ́nétọ̀ tó ń fọwọ́ sí alága, kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún èyí tí wọ́n máa ń bi ẹni tí wọ́n bá yàn wá síwájú wọn: bí White House bá gbé e jáde lọ́la pé o ti ṣèlérí ohun tí o kò ṣèlérí, kí ni ìwọ yóò ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́? Bí ẹni náà bá ní òun á ronú sí i, kí wọ́n dá a padà sílé kó lọ ronú.